Àpótí Òkúta láti Ìsìkàn

Derby, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kìn-ín-ní, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ kú ọyẹ́ náà, torí mo gbọ́ pé ti ọdún yìí le ní Oǹdó débi pé ètè ń sán. Níhìn-ín, òtútù là ń bá jà. Mo ti ra kóòtù tí ẹ ní kí n rà, ẹ má bínú mọ́. Iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣì ń lọ, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn mí, torí gbígbé ènìyàn dìde láti orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe eré.

Ẹ rántí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gé òkúta iyebíye tí mo máa ń lọ ní ọjọ́ Sátidé, èyí tí ẹ ní kí ni obìnrin tó kàwé ń fi òkúta ṣe. Màmá, iṣẹ́ náà ti wọ̀ mí lára. Bàbá òyìnbó tó ń kọ́ wa, Stephen, ti dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, kò fẹ́ tà á. Èmi àti ọkùnrin kan ló ń wò. Ó ní kí oníkálukú wa wá òkúta àìgé tirẹ̀, kó gé e, kó gbé e síbi ọjà òkúta tí wọn máa ń ná ní ìparí oṣù Karùn-ún, kó sì kọ ohun tó jẹ́ sí káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí òun bá lè gba ọwọ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni òun máa fún. Bó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo máa fi ilé arúgbó sílẹ̀.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, ẹ bá mi lọ sí Àkúrẹ́. Ọkùnrin kan wà ní ọjà Ìsìkàn níbẹ̀, Májẹ́kódùnmí lorúkọ rẹ̀, ó ń ta òkúta tí wọ́n ń wà lápá Èkìtì, ó sì ní ìwé àṣẹ. Ẹ óò rí i pé ó kọ nǹkan sára àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kó tàn yín. Bí ẹ bá rí AAA, kò sí ìjọba tó fún un ní ipò yẹn, ẹni tó ń tà á ló fi fún un. AAA ẹnì kan lè má tó A ẹlòmíì. FACET ni èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó wọ́n. CAB ni èyí tí inú rẹ̀ kò mọ́ gaara, tí a kàn máa lọ̀ títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ṣe roboto. MINE RUN ni bó ṣe jáde látinú ilẹ̀, tí wọn kò tíì ṣa èyí tó dára kúrò nínú rẹ̀. NATURAL kò ju pé inú ilẹ̀ ló ti wá lọ. Wọ́n lè ti sè é, wọ́n lè ti pa á láró, síbẹ̀ wọn á pè é ní NATURAL. Ọ̀rọ̀ tó lágbára ni UNTREATED. Ẹni tó bá kọ ìyẹn ń búra pé ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan kan òkúta náà rí.

MINE RUN ni kí ẹ rà fún mi, òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní tọ́málíìnì. Bó bá rẹ òkúta sínú abọ́ omi, ẹ má rà á bẹ́ẹ̀. Omi máa ń bo ojú ibi tó ti sán. Gbígbẹ ni kí ẹ rí i, nínú oòrùn.

Ẹ kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ yín,
Ìbídùnní


Odòjọ̀mù, Oǹdó
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 2025

Ìbídùnní, ọmọ Akíntóyè,

Mo kí ọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Bébà ni mo fi kọ èyí, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù bí mo ti máa ń ṣe. Ẹni tó kọ́ ìdajì àwọn ọmọ Odòjọ̀mù ní ìkọ̀wé kò ní jókòó kó máa fi ìka kan tẹ lẹ́tà bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo.

O kò béèrè bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe lọ. Òkúta lo béèrè. Kò burú. Ó lọ dáadáa, a rí owó òrùlé, mo sì fi orúkọ rẹ sílẹ̀ láàárín àwọn tó wà lókè òkun, kí o mọ̀.

Mo lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí a fi máa kọjá Owénà, orúnkún ti ń sọ tirẹ̀. Mo rí ọkùnrin rẹ. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìyàwó rẹ̀ tó ń jẹ́ Sherifat ló ń bá a di ẹrù. Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ̀wé sára àwọn àpò, ìkọ̀wé náà kò sì dára, lẹ́tà kan gun orí èkejì. Mo nawọ́ sí AAA, mo ní ta ló fún un ní máàkì yìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èmi náà ni, Màmá. Bí mi ò bá kọ ọ́, àwọn ará Èkó ò ní dúró." Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ó ní abọ́ omi lóòótọ́. Mo ní mi ò ra òkúta tó wẹ̀. Kò jiyàn, ó da omi náà nù, ó tẹ́ ẹní sínú oòrùn, ó dà wọ́n síbẹ̀. Mo ra MINE RUN bí o ti wí. Sherifat fẹ́ máa ṣàlàyé nǹkan kan fún mi nígbà tó ń dì í, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Oǹdó ti fẹ́ kún, mo ní kó má ṣèyọnu, ọmọ mi mọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo tú u wò nílé, ojú tì mí. Erùpẹ̀ àti eruku, gbogbo ara wọn funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò ní ìyá. Mo tún wọn ṣe kí wọ́n tó wọ àpótí. Nǹkan kì í tọwọ́ mi jáde lọ bá àlejò bẹ́ẹ̀ yẹn. Àpótí náà ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ẹrù, wọ́n ní yóò pẹ́ díẹ̀.

Ọkùnrin tí ẹ jọ ń du ṣọ́ọ̀bù yẹn, ṣé ó ti gbéyàwó?

Ìyá rẹ


Derby
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Ọkùnrin yẹn ti ní ọmọ ọmọ, Màmá, ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Àpótí ti dé. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Stephen, gbogbo wa yí i ká, mo sì ṣí i. Màmá, wọ́n ń dán. Mi ò rí òkúta MINE RUN tó rí báyìí rí. Àwọ̀ ewé náà jinlẹ̀, ara wọn jọ̀lọ̀, agbára káká ni mo fi rí ibi tó sán lára wọn. Ọkùnrin kejì gbé ọ̀kan sókè sí iná, ó sì rọra gbé e padà. Òkúta tirẹ̀, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á, AAA ni wọ́n pè é, ó sì dà bí ìgò tó fọ́.

Mo mú káàdì, mo kọ UNTREATED sí i, mo fi orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Stephen béèrè bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ìyá mi ló rà á. Ó mi orí, ó fi káàdì náà sára ògiri lókè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ẹ bá mi kí Májẹ́kódùnmí. Bí mo bá gba ṣọ́ọ̀bù yìí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti máa máa rà.

Ọmọ yín,
Ìbídùnní


Derby
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ṣé orúnkún ti fúyẹ́?

Inú mi ò dùn, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Mo gbé òkúta àkọ́kọ́ sábẹ́ ayùn. Omi la fi máa ń tù ú bí a bá ń gé e. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ lójú bí ojú àgbàrá tí pẹtiróòlù kán sí. Kí n tó pa ẹ̀rọ, òkúta náà ti là sí méjì. Èkejì náà là. Stephen ní kí n dúró. Ó mú ẹ̀kẹta, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ó gbẹ ẹ́. Màmá, ibi tó sán kún ara rẹ̀ bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ìka pa omi inú agbada ayùn, ó ní, "Òróró." Wọ́n máa ń ṣe é, àwọn tó ń ta òkúta. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú òróró, òróró á wọ inú ibi tó sán, ojú ò ní rí i mọ́, àwọ̀ á sì jinlẹ̀. Ìdí tí òkúta wa fi ń dán nìyẹn.

Stephen kò bú mi. Ó lọ síbi ògiri, ó yí káàdì mi padà, ó kọjú rẹ̀ sí ògiri. Ọkùnrin kejì ń wo ojú fèrèsé. Ìyẹn dùn mí ju bí wọ́n bá bú mi lọ. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní kí n wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ ọjà tó pé, òun kò tíì ní sọ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Májẹ́kódùnmí. Mi ò béèrè owó. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé a ti mọ̀ ọ́n, kó sì sọ òróró tó fi kùn wọ́n. Ó da omi nù lójú yín kí ẹ lè gbà á gbọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sì gbà á gbọ́, Màmá. Ẹ má bínú bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ìbídùnní


Odòjọ̀mù, Oǹdó
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin, 2025

Ìbídùnní,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Bí mo ṣe mú imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́, ọkùnrin yẹn ni mò ń rò.

Mo ti lọ lónìí. Mi ò lọ bá a ní kọ̀rọ̀, torí bí mo bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún un ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà ló máa ti sẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tà níbẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ka lẹ́tà rẹ fún un, a jọ lọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Èrò pọ̀. Olùkọ́ kan láti Ìlárá-Mọ̀kín wà níbẹ̀, tó máa ń ra òkúta fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo sọ ọ́ jáde kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Mo ní o fi òróró bo àbùkù ọjà, o tà á fún opó, o ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́ lójú òyìnbó.

Ẹnu yà á, àbí ó ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó ní, "Màmá, mi ò ní òróró nílé. Ṣọ́ọ̀kì ara wọn ńkọ́? Ṣé ọmọ yín ò rí ṣọ́ọ̀kì?" Mo ní kó má fi ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi, pé èmi ni mo mọ ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó tún ní, "Màmá, uṣẹ́ mi ni ẹ fẹ́ bà jẹ́ yìí," bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é. Mo ní ìwọ lo ti bà á jẹ́. Olùkọ́ yẹn gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ. Sherifat ń sunkún. Alága ní kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní iwájú títí wọn yóò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì já pátákó rẹ̀ lójú mi.

Mo padà wálé, mo jẹun. Sọ fún òyìnbó yẹn pé ìyá rẹ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ìyá rẹ


Derby
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, 2025

Màmá mi,

Ẹ kú àjíǹde. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Bí a bá fẹ́ lọ̀ òkúta kékeré, a máa ń fi ìda lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi kan, kí ìka má bàa kan ẹ̀rọ. Òkúta náà gbọ́dọ̀ gbóná kí ìda tó lè dì í mú. Ní òwúrọ̀ yìí, mo ní kí n gbìyànjú ọ̀kan nínú àwọn tí a ò tíì fọ̀. Mo gbé e sókè iná kékeré. Bó ṣe gbóná, òórùn kan jáde lára rẹ̀, mo sì dáwọ́ dúró.

Màmá, àdín ni. Kì í ṣe òróró mìíràn. Mo mọ òórùn yẹn kí n tó mọ orúkọ mi. Bí ẹ bá ti wẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tán lẹ́yìnkùlé, tí ẹ ń fi pa wá lára kí a tó wọ yunifọ́ọ̀mù, tí ẹ ń sọ pé ọmọ yín kò ní ti ilé jáde ní funfun bí ọmọ tí kò ní ìyá, òórùn yẹn náà ni. Stephen béèrè ohun tó dé tí omi fi wà lójú mi. Mo ní èéfín ni.

Mo padà lọ ka lẹ́tà yín ti oṣù Kejì. Ẹ ní ẹ tún wọn ṣe. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì ronú nǹkan kan sí i.

Mo sì bi Stephen nípa ṣọ́ọ̀kì. Ó ní àwọn kan wà láàárín àwọn tó ń ta òkúta, wọn ò pọ̀, tó jẹ́ pé kí wọ́n tó ta MINE RUN wọ́n á wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ̀lé gbogbo ibi tó ti sán, kí ẹni tó rà á lè mọ ibi tó máa gbé ayùn gbà. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò nílò kó kọ nǹkan kan sára àpò mọ́. Òkúta tó dé ọ̀dọ̀ mi kò ní ṣọ́ọ̀kì kankan lára.

Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ fọ̀ wọ́n? Ṣé ẹ̀yin lẹ fi àdín pa wọ́n?

Ìbídùnní


Derby
Ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún, 2025

Màmá,

Mo rí àmì búlúù méjèèjì lórí fóònù, mo mọ̀ pé ẹ ti ka lẹ́tà mi. Mo pè yín, fóònù ń dún, ẹ ò gbé e. Mo pe alábòójútó ìjọ yín, wọ́n ní ara yín le, ẹ wá sí ìsìn, ẹ sì jókòó sẹ́yìn.

Mi ò bínú sí yín. Mo bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ti lọ. Ohun tí mò ń rò ni ọkùnrin yẹn. Èmi ni mo ní kí ẹ lọ bá a. Ọjọ́ ọjà ti sún mọ́lé, Stephen sì ti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i ohun tí mo rí. Mo ní mò ń dúró de ìyá mi. Mi ò ní sọ nǹkan kan fún un tí ẹ kò bá kọ́kọ́ sọ fún mi.

Ìbídùnní


Odòjọ̀mù, Oǹdó
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Karùn-ún, 2025

Ìbídùnní ọmọ mi,

Èmi ni.

Mo fọ̀ wọ́n pẹ̀lú ọṣẹ àti kànrìnkàn nínú bàsíà tí mo fi ń fọ aṣọ. Mo rí àwọn ìlà funfun yẹn. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ni. Mo rò pé àwọn ọmọ ló fi ń ṣeré ní Ìsìkàn. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi nu ṣọ́ọ̀kì, ọwọ́ mi ti nù ún kí n tó bi ara mi ní ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n tún funfun, mo bá mú àdín, èyí tí kò dúdú, mo fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ara wọn fi tutù. Mo gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Ó pẹ́ tí mo ti rí nǹkan fi àdín pa fún ọ. O ní kí n ṣọ́ra fún omi. O kò sọ ti àdín.

Nígbà tí o kọ̀wé pé òróró ni, kẹ́míkà ni mo rò, nǹkan tí wọ́n ń rà nínú agolo. N kò ro nǹkan inú yàrá mi. Lẹ́tà rẹ ti àjíǹde ló là mí lójú, n kò sì mọ bí mo ṣe máa kọ èsì nígbà tí ọkùnrin yẹn ṣì wà níbi tí mo jù ú sí. Ojú tì mí, Ìbídùnní. Ọ̀sẹ̀ tí a fi ń rántí ẹni tí wọ́n parọ́ mọ́ ni mo wọ ọkọ̀ lọ parọ́ mọ́ ẹlòmíì.

Mo lọ sí Ìsìkàn, kò sí níbẹ̀. Ẹlòmíì ti ń ta bàtà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti padà sí Ìgbàrà-Òkè, sí ilé bàbá rẹ̀. Mo gba ibẹ̀ lọ. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn àpò náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, AAA kọjú sí ògiri. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n má kúnlẹ̀ fún òun, kí n dìde, ó gbé àga fún mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Sherifat ló dáhùn. Ó ní, "Màmá, ibí yìí kọ́ lẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí ẹ ti sọ ọ́." Òótọ́ ló sọ.

Mo padà lọ bá alága. Mo ní kó pe gbogbo wọn. Ó ní kò le tó bẹ́ẹ̀, pé òun á bá a sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Mo ní kò sí lábẹ́lẹ̀. Mo dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ jáde, pé èmi ni. Àwọn kan tún rẹ́rìn-ín, èmi ni wọ́n ń rín lọ́tẹ̀ yìí, mo sì dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. Mo lọ bá olùkọ́ yẹn ní Ìlárá-Mọ̀kín pẹ̀lú, mo sọ ọ́ fún un lójú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

Wọ́n ti dá ìsọ̀ rẹ̀ padà. Mo kọ káàdì kan, mo fi ìkọ̀wé mi tó dára jù lọ kọ ọ́, mo so ó mọ́ iwájú àwọn àpò rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Ohun tí mo kọ rè é:

"Èmi, Abilékọ Akíntóyè, ti Odòjọ̀mù ní Oǹdó, ni mo nu ṣọ́ọ̀kì ara òkúta tí ọkùnrin yìí tà fún mi, tí mo sì fi àdín pa á. Òun kò fi nǹkan kan kàn án."

Májẹ́kódùnmí kà á. Ó ní kí n kọ ọjọ́ sí i. Mo kọ ọjọ́ sí i.

Sọ fún òyìnbó náà báyìí. Má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ nítorí mi. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lọ mọ́ ọ lọ́wọ́, ọwọ́ mi ló ti bọ́, mo sì mọ ohun tí ẹ̀yìn rẹ ń ṣe ọ́. Èmi ni kí o bínú sí.

Ìyá rẹ


Derby
Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà, 2025

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìrìn. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Àná ni ọjà òkúta.

Mo tú lẹ́tà yín sí Gẹ̀ẹ́sì fún Stephen, gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹ ti ní ẹ gbádùn fífi àdín pa wọ́n, ó ní kí n tún un kà.

Mi ò gbé èyí tí mo ti fọ̀ tí mo sì gé nìkan lọ sí ọjà. Mo gbé àwọn olóròóró náà lọ. Mo ra ṣọ́ọ̀kì, mo fi fa ìlà tẹ̀lé gbogbo ibi tó ti sán, bí Májẹ́kódùnmí ti ṣe é tẹ́lẹ̀. Mo ya káàdì UNTREATED sí wẹ́wẹ́, mo kọ òmíràn, mo ní: "Ìyá mi fi àdín pa àwọn wọ̀nyí ní Oǹdó, kí ara wọn má bàa funfun. Ibi tó sán wà lábẹ́ àdín náà, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹni tó tà á fún wa kò mọ̀ nípa rẹ̀." Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn kọjá lọ. Obìnrin kan ra ọ̀kan, ó ní kí n má fọ̀ ọ́. Ọkùnrin kejì tà jù mí lọ fíìfíì.

Nígbà tí a ń palẹ̀ mọ́, Stephen ní ọwọ́ ọkùnrin yẹn dára ju tèmi lọ, pé kò sí ìjà nínú ìyẹn. Ó ní ṣùgbọ́n a lè kọ́ ọwọ́. Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí ọkùnrin náà máa wá lo ẹ̀rọ ní ọjọ́ Sátidé, mo sì gbà. Mo máa fi ilé arúgbó sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹjọ.

Stephen ní òun fẹ́ òkúta sí i láti ọwọ́ ọkùnrin oníṣọ́ọ̀kì. Mo ti ń ronú pé kí n máa bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi, kí ẹ lè sinmi. Ṣé ó ṣì máa tà fún wa?

Ọmọ yín,
Ìbídùnní


Odòjọ̀mù, Oǹdó
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, 2025

Ìbídùnní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú oríire. Mo ka lẹ́tà rẹ fún bàbá rẹ níbi ibojì rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí mi.

Mi ò ní sinmi. Èmi ni mo lọ. Májẹ́kódùnmí tà á fún mi, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi bíi tàkọ́kọ́. Ó tọ́. Ó mú òkúta kọ̀ọ̀kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì sí i lójú mi, ó ní, "Màmá, ẹ rí i?" Mo ní mo rí i. Ọkọ̀ Oǹdó kún, ó lọ, mo jẹ́ kó lọ. Sherifat dì wọ́n tán, ó gbé omi tútù fún mi. Káàdì mi ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ti fi náílọ́ọ̀nù bò ó nítorí òjò.

Àpótí náà ti wà lọ́nà. N kò fọ̀ wọ́n. N kò fọwọ́ kàn wọ́n rárá, ńṣe ni mo gbé àpò náà bó ṣe wà sínú àpótí, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ìyá rẹ kò ṣí i. Gbogbo ara wọn funfun, erùpẹ̀ Èkìtì ló bò wọ́n, wọ́n rí gan-an bí ọmọ tí kò ní ìyá. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgò kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ àpótí náà, mo fi náílọ́ọ̀nù dì í léraléra, kò lè jò. Àdín ni. Má fi kan òkúta. Ẹ̀yìn rẹ ni kí o fi pa.

Ìyá rẹ